Nígbà tí ìró bá ń gún etí bí abẹ́rẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe ní Ìbàdàn. Ní 2017, mo jókòó ti sípíkà ńlá kan níbi ìgbéyàwó fún bíi wákàtí mẹ́rin, torí ibẹ̀ ni wọ́n to tábìlì ẹbí ìyàwó sí. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ìró ṣíbí lára àwo ti ń gún mi létí. Ó tó ọdún méjì kí n tó tún lè jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi láìfi nǹkan dí etí. Àwọn ìbéèrè tí àwọn èèyàn ń bi mí jù látìgbà náà ló wà nísàlẹ̀ yìí. Èmi kì í ṣe dókítà o. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn dókítà, ohun tí mo kà, àti ohun tí ojú mi rí ni mo kó jọ.

Kí ni wọ́n ń pe àìsàn yìí gan-an?

Hyperacusis ni àwọn dókítà ń pè é. Àwa ò ní orúkọ kan pàtó fún un. Bí ẹ bá ní "etí ń ro mí", ohun tí gbogbo èèyàn máa rò ni pé etí yín ń ṣọyún. Èyí yàtọ̀. Etí lè mọ́ tónítóní, kí awọ ìlù inú rẹ̀ pé pérépéré, síbẹ̀ kí ìró tí kò ṣe ẹlòmíì ní nǹkan kan máa gún un bí abẹ́rẹ́, tàbí kó máa jó o bíi pé wọ́n ta omi gbígbóná sí i.

Kò bá gbogbo èèyàn bákan náà. Ti àwọn kan ni pé gbogbo ìró kàn ń pọ̀ jù, bíi pé ẹnìkan yí ayé sókè bí rédíò, àmọ́ kò dùn wọ́n. Ti àwọn mìíràn, ìrora gidi ni, ó sì lè má tètè dé: ẹ óò gbọ́ ìró náà láàárọ̀, ìrora á dé lálẹ́ tàbí lọ́jọ́ kejì, á sì máa bá a lọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Irú ti èmi nìyẹn, òun ni mo sì máa sọ̀rọ̀ lé jù.

Àbí ariwo kàn ń bí yín nínú ni?

Rárá. Ìyẹn náà wà, orúkọ tirẹ̀ ni misophonia, tí àwọn onímọ̀ méjì, Pawel àti Margaret Jastreboff, sọ ọ́ ní 2001. Ẹni tó ní in, bí ẹlòmíì bá ń jẹun pẹ̀lú ariwo ẹnu, tàbí tó ń fa imú, inú rẹ̀ á ru débi pé kò ní lè jókòó síbẹ̀ mọ́. Ìró kan pàtó ló ń bá jà, bó ti wù kó kéré tó. Ní ti hyperacusis, ẹni yòówù kó pa ìró náà, etí ò mọ ọ̀rẹ́, kò mọ ọ̀tá. Ẹ̀rín ọmọ mi obìnrin wà lára ohun tó dùn mí jù.

Etí híhó tún wà, tí wọ́n ń pè ní tinnitus: etí á máa dún fúnra rẹ̀ nígbà tí kò sí ìró kankan níta. Òun àti hyperacusis sábà máa ń rìn pọ̀. Àwọn méjèèjì wà lára mi.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú etí náà?

Ìró máa ń gba ihò etí wọlé, á lu awọ tín-ínrín tó wà ní ìparí ihò náà, awọ á gbọn egungun kéékèèké mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, àwọn egungun á sì ti ìgbọ̀n náà sínú ibì kan tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Inú ìkarahun yìí ni àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun wà, bíi 16,000 nínú etí kan ṣoṣo. Àwọn ló ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ. Èyí tó bá kú nínú wọn kì í hù padà.

Àlàyé tí ẹ óò gbọ́ jù ni ti ọpọlọ. Bí ariwo bá ti ba àwọn sẹ́ẹ̀lì kan jẹ́, iṣẹ́ tó ń dé ọpọlọ á dín kù, ọpọlọ á wá máa tẹ́tí sí i jù bó ti yẹ lọ, bí ẹni tó ń yí rédíò tí kò mú dáadáa sókè. Ìró kékeré á wá máa wọlé bí ìró ńlá. Àlàyé yìí bọ́gbọ́n mu, àmọ́ kò tó láti sọ ìdí tó fi ń *dùn*.

Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, tí Paul Fuchs wà lára wọn, yẹ inú etí eku wò. Oríṣi iṣan kan wà níbẹ̀ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ dáhùn sí ìró. Wọ́n rí i pé nígbà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun bá ń bàjẹ́ ni iṣan yìí máa ń ké. Ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kí etí ní ọ̀nà ìrora tirẹ̀, bí awọ ara ṣe ní tirẹ̀. Ọjọ́ tí mo ka ìyẹn, ṣe ni mo sunkún. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún lẹ́ẹ̀mẹta pé inú orí rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà á mọ ìdí.

Àwọn kan tún ń fura sí ẹran ara kékeré kan tó so mọ́ àwọn egungun mẹ́ta yẹn, tó máa ń fún pọ̀ nígbà tí ìró bá le. Bí òun bá ń fún pọ̀ ṣáá, etí á dà bíi pé ó kún, nǹkan á máa gbọ̀n pẹ́pẹ́ nínú rẹ̀, ìrora á sì máa ràn dé àgbọ̀n àti ọrùn.

Kí ló ń fà á?

Ariwo ló pọ̀ jù, yálà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó bú gbàù tàbí ọ̀pọ̀ ọdún nídìí ẹ̀rọ ìlọta. Àmọ́ kì í ṣe ariwo nìkan. Ẹni tó ṣubú lórí ọ̀kadà tó sì forí gbá ilẹ̀ lè ní in. Ẹni tí ojú rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan lè ní in fúngbà díẹ̀, torí iṣan tó ń darí ojú náà ló ń darí ẹran kékeré kan tó ń bá wa dín ìró kù nínú etí. Túúlu máa ń mú un wá. Àwọn oògùn kan ń ba etí jẹ́, abẹ́rẹ́ gentamicin ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣọ́ra fún; kìníìnì tó bá pọ̀ jù lára náà ń mú etí hó. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọ́n á wá ìdí rẹ̀ títí, wọn ò ní rí i.

Báwo ni ariwo ṣe máa pọ̀ tó kó tó lè ṣe etí tó dá ṣáṣá níjàǹbá?

Ọ̀rọ̀ tí èèyàn méjì tó jókòó ti ara wọn ń sọ tó nǹkan bí 60 dẹ̀síbẹ̀lì, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ìró ṣe le tó. NIOSH, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́, ní kí èèyàn má kọjá 85 fún wákàtí 8 lóòjọ́. Bí ó bá ti fi 3 lé, ẹ pín àkókò náà sí méjì: 88, wákàtí 4, 91, wákàtí 2, 94, wákàtí 1, tó bá fi máa dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré. Iwájú sípíkà níbi òde wa máa ń kọjá 100 dáadáa. Ẹ wá ṣírò wákàtí mẹ́rin tí mo lò níbẹ̀.

Etí tó dá ni ìṣirò yìí wà fún o. Etí tó ti fara pa ní ìwọ̀n tirẹ̀, lára ni ẹ óò ti mọ̀ ọ́n.

Àǹtí, ṣé kí n máa dí etí mi ni, àbí kí n má dí i?

Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù, òun náà ni mo kọ́kọ́ ṣì ṣe.

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, tọ̀sán tòru ni fóòmù, ìyẹn fóòmù kékeré tí wọ́n fi ń dí etí, wà létí mi. Mo ń fi sùn, mo ń fi jẹun. Ó tù mí lára ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, fáànù tí kò ṣe mí ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ẹ̀rọ ìlọta. Mo wá ń gbọ́ bí ọ̀fun mi ṣe ń gbé itọ́ mì. Bí mo ṣe ń sá fún ìró tó, bẹ́ẹ̀ ni ìró ń le sí mi tó. Ó pẹ́ kí n tó kà nípa ohun tí onímọ̀ ìgbọ́ràn kan, Craig Formby, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2003: wọ́n ní kí àwọn tí etí wọn dá ṣáṣá máa dí etí fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì fún àwọn mìíràn ní ìró jẹ́jẹ́ tí yóò máa dún sí wọn létí. Àwọn tó dí etí, ìró bẹ̀rẹ̀ sí í le sí wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tó ń gbọ́ ìró jẹ́jẹ́, ara wọn gba ìró sí i. Bí ọjọ́ mẹ́rìnlá bá lè ṣe èyí fún etí tó dá, kí ni oṣù mẹ́fà máa ṣe fún tèmi?

Ẹ dí etí nígbà tí ẹ bá ń lọ síbi tí ìró ti lè ṣe jàǹbá: òde, ibi tí wọ́n ti ń gé irin, ìdí jẹnẹrétọ̀, Òṣòdì ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹ yọ ọ́ nígbà tí ẹ bá padà dé ibi tó tòrò. Nínú ilé tó dákẹ́, ẹ má fi nǹkan dí etí bí ara yín bá ti lè gbà á.

Àmọ́ mo ní láti sọ òdìkejì rẹ̀ náà, torí àwọn kan ti kó èèyàn sí wàhálà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ irú tó ń dunni ni tiyín, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, etí yín nílò ìsinmi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ lọ jókòó sáàárín ariwo kó lè "mọ́ yín lára", ẹ má gbọ́. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, a kì í ní kó máa sáré kí ẹsẹ̀ náà lè jinná.

Bí ẹ bá máa lo fóòmù, ẹ yí i láàárín ìka títí yóò fi tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi ọwọ́ kejì fa etí sókè sẹ́yìn, ẹ tì í wọlé, kí ẹ wá fìka tì í mú bíi 30 ìṣẹ́jú àáyá kó fi wú. Òwú lásán kò fi bẹ́ẹ̀ dí nǹkan. Ìbotí ńlá irú èyí tí àwọn agégẹdú ń lò dára, ẹ sì lè dé e lé fóòmù. Àmọ́ ẹ má ro agbára méjèèjì pọ̀: ohun tí èkejì ń fi kún un kò ju bíi 5 dẹ̀síbẹ̀lì lọ.

Báwo wá ni èèyàn ṣe ń padà bọ̀ sípò?

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Oṣù ni ẹ óò máa kà, kì í ṣe ọjọ́.

Ìró òjò orí fóònù ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo gbé fóònù sí ìkángun yàrá kejì, mi ò fi ohunkóhun sétí, mo sì fà á wálẹ̀ débi pé mo ní láti wá a kí n tó gbọ́ ọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá láìsí ìrora, ó di ogún. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó lójú fèrèsé nídàájí nígbà tí ìyá tó wà nísàlẹ̀ bá ń gbálẹ̀. Ìró ìgbálẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń lọ ó ń bọ̀, mo sì mọ ìgbà tó máa parí. Mi ò rò pé ìyá yẹn mọ̀ pé ìtọ́jú ni iṣẹ́ òwúrọ̀ rẹ̀ jẹ́ fún mi.

Ẹ ní ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ìró tí ẹ gbọ́, bó ṣe pẹ́ tó, bí ìrora ṣe rí lọ́jọ́ náà *àti lọ́jọ́ kejì*. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà, kí ẹ sì dúró ọjọ́ méjì wò kí ẹ tó fi kún un, torí ìrora tó ń pẹ́ dé á tàn yín jẹ. Bí ìró bá dùn yín, ẹ dín in kù. A kì í fara da ìrora nínú iṣẹ́ yìí. Ohun tí à ń wá ni kí etí gbọ́ ìró kó má sì rí ewu kankan níbẹ̀.

Nínú ilé, mo kó àwo tánganran sílẹ̀, mo ra ti rọ́bà. Ọmọ orógùn ni mo fi ń ro gbogbo nǹkan. Mo tẹ́ aṣọ sídìí síǹkì. Àwọn alábàárù bá mi gbé ẹ̀rọ ìránṣọ oníná kúrò, mo sì padà sórí èyí tí à ń fọwọ́ yí, tí ìyá mi fi kọ́ mi níṣẹ́. Òjò orí páànù ló yọ mí lẹ́nu jù. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ òrùlé wa. Yàrá tó ní sílìn tó nípọn ni mo sá lọ, mo gbé fóòmù bẹ́ẹ̀dì ti fèrèsé, mo sì máa ń dé ìbotí títí òjò náà fi máa dá.

Ìtọ́jú olóhùn tún wà tí àwọn onímọ̀ ìgbọ́ràn ń ṣe: ohun èlò kékeré létí tó ń dún ṣàà jẹ́jẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, pẹ̀lú ìmọ̀ràn. Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ àwọn tí ìró kàn ń pọ̀ jù fún. Àwọn kan lára àwa tí ìró ń dùn sọ pé ó dá kún tiwọn. Ìtọ́jú tó jẹ́ ti ọ̀rọ̀ sísọ, tó ń kọ́ èèyàn láti tú ìbẹ̀rù kúrò lára ìró, ran èmi lọ́wọ́. Kò túmọ̀ sí pé mò ń fojú inú rí i. Ìrora wà, ìbẹ̀rù kún un, ìbẹ̀rù ni a lè tètè dín kù.

Mo ti ń sàn, bánga kan bú nítòsí mi, gbogbo rẹ̀ sì padà.

Ẹ pẹ̀lẹ́. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà mẹ́rin. Ẹ padà sí ìró kékeré tó rọrùn jù nínú ìwé yín, ẹ sinmi, ẹ má sì máa dán etí wò. Èèyàn á ní kóun ṣa ṣíbí mọ́ àwo wò bóyá ó ṣì ń dùn. Ó máa dùn. Ní tèmi, ìgbà kìíní gba oṣù méjì, ìgbà kẹrin gba ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ṣé oògùn rẹ̀ wà?

Kò sí oògùn kan tí wọ́n fọwọ́ sí fún un. Ẹnikẹ́ni tó bá ta àgúnmu tàbí ìkán-etí fún yín pé òun ń wo ó sàn, owó yín ló ń wá.

Ìyá mi ní kí n kán àdí gbígbóná sí i.

Ẹ dá ìyá lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ má kán an. Ẹ má fi ìyẹ́ adìẹ tàbí igi ìṣáná ro etí pẹ̀lú. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà jìn ju ibi tí àdí lè dé lọ, ẹ sì lè fi jó awọ ìlù etí tó ṣì dá.

Ilé ìwòsàn wo ni kí n lọ, kí ni mo sì máa sọ?

Ẹ béèrè dókítà etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun. UCH ní Ìbàdàn àti LUTH ní Èkó ní ẹ̀ka rẹ̀. Ilé ìwòsàn etí ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Kàdúná. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan yín, ẹ sọ pé ìró ń dùn yín. Àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n fi ń wo bí ẹran inú etí ṣe ń fún pọ̀, ìró rẹ̀ lè dé 100 dẹ̀síbẹ̀lì tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ ní kí wọ́n fò ó. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa ìdọ̀tí etí náà ń pariwo. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe MRI, ẹ̀rọ aláriwo tó ń ya àwòrán inú ara, fóòmù àti ìbotí pọ̀ ni kí ẹ lò.

Ẹ má dúró di ọ̀la bí etí kan bá ṣàdédé di, bí ojú bá wọ́, tàbí bí ìró bá ń mú ilé yí lójú yín. Etí tó ṣàdédé di, ọjọ́ mélòó kan ló wà láàárín ìtọ́jú tó lè ràn án lọ́wọ́ àti èyí tó ti pẹ́ jù.

Ẹbí mi ní ayé ló ń ṣe mí. Àwọn yòókù ní ìṣe ọ̀lẹ ni.

Èyí dùn mí ju etí lọ. Àìsàn tí kò ní egbò, tí kò ní ibà, ta ló máa gbà á gbọ́? Bí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà, ẹ gbà á, kí ẹ kàn ní kí wọ́n gbà á wúyẹ́wúyẹ́.

Ẹ lè sọ ìtàn Christopher Goldscheider fún wọn. Ó ń ta viola, ohun èlò orin olókùn bíi gòjé, ní Royal Opera House ní London. Ní 2012, níbi ìgbáradì fún eré Wagner kan, wọ́n to àwọn afọnfèrè sẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Látìgbà náà ni ìró ti di ìrora fún un, ó sì pàdánù iṣẹ́ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́. Ní 2018, ilé ẹjọ́ gíga dá a láre. Ní 2019, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbà pé ariwo ọjọ́ náà ló ba etí rẹ̀ jẹ́. Adájọ́ jókòó, wọ́n gbọ́ tọ̀tún tòsì, wọ́n sì ní òótọ́ ni.

Òde ńkọ́? Mi ò lè máa sá fún mọ̀lẹ́bí títí láé.

Ẹ lọ ní kùtù, nígbà tí wọ́n bá ṣì ń to àga. Ẹ kí ìyàwó, ẹ ya fọ́tò, ẹ gba oúnjẹ, ẹ máa lọ ilé kí onísípíkà tó dé. Ẹ ṣọ́ra fún onígángan: bó bá ti rí aṣọ yín, ibi etí ló máa gbé ìlù sí láti ki yín. Mo máa ń rán ọmọ kan síwájú kó lọ fún un lówó, kó ní kó máa lu ti ọkọ mi.

Ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbẹ́ ilé mi ń ṣe ìṣọ́ òru pẹ̀lú sípíkà mẹ́ta.

Ẹ kọ́kọ́ lọ bá pásítọ̀ tàbí ìmáàmù lójú ọ̀sán, pẹ̀lú àgbà kan, pẹ̀lú ìwé dókítà. Ti èmi yí sípíkà kan kúrò lójú fèrèsé mi lọ́jọ́ kejì. Bí wọ́n bá kọ̀, òfin wà: ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ariwo ti wà láti 2009, NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, ló sì wà fún un. Ní Èkó, LASEPA, àjọ àyíká ti ìpínlẹ̀ náà, ni ẹ óò kọ̀wé sí. Ní 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́ṣáláṣí 20 pa nítorí ariwo.

Ó ti sú mi. Mi ò fẹ́ wà láàyè báyìí mọ́.

Mo mọ ibi tí ẹ wà. Mo ti dé ibẹ̀ rí. Ẹ má dá nìkan wà lálẹ́ òní. Ẹ pe ẹnìkan tí ẹ fọkàn tán, ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi yìí, kó bá yín lọ sí ilé ìwòsàn. Bí fóònù bá ń dùn yín létí, ẹ tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Ìgbà tó burú jù fún mi ni oṣù keje. Ní oṣù kẹwàá, mo gbọ́ ẹ̀rín ọmọ mi láti yàrá kejì, kò sì dùn mí.

Ṣé ó máa ń lọ pátápátá?

Fún àwọn kan, bẹ́ẹ̀ ni. Fún ọ̀pọ̀, ó máa ń dín kù débi tí ayé á tún ṣeé gbé. Tèmi ò lọ tán. Ẹ̀rọ ìránṣọ oníná ti padà sórí tábìlì mi, mo sì gba ọmọ iṣẹ́ méjì tó máa ń rẹ́rìn-ín lójoojúmọ́. Fóòmù wà nínú báàgì mi, ti ọ̀tọ̀ wà nínú àpótí abẹ́rẹ́. Bánga ọdún ni mi ò tíì lè fara dà: láti ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì títí di ọjọ́ kejì oṣù Kìíní, yàrá ẹ̀yìn ni mo ń sùn, fáànù a máa yí jẹ́jẹ́, ọkọ mi á sì gbé fóòmù bẹ́ẹ̀dì ti fèrèsé kí n tó sọ̀rọ̀.